Ayálégbé Kì Í Gbin Igi

Mo rántí ìgbà tí mo ń pe ara mi ní àgbẹ̀ ní Weston, èmi tí n kò gbin ju ẹ̀wà inú agolo lọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yàrá abẹ́ ilé ni mo rẹ́ǹtì lọ́wọ́ Alhaji kan, ọmọ Ìbàdàn, tó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Toronto. Iwájú ilé rẹ̀ rí játijàti, mo sì ní n ó bá a tún un ṣe. Ó ní kò burú. Èrò mi ni pé bí iwájú ilé bá dùn ún wò, Alhaji kò ní tètè lé mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá yàrá kí n tó rí tirẹ̀. Gbogbo onílé ló ń béèrè ẹni tí yóò dúró fún mi, n kò sì mọ ẹnì kankan.

Iṣẹ́ ṣíìfù ni mo ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan ní Malton, kò sáyè à ń bomi rin òdòdó láràárọ̀. Mo wá kà á pé àwọn igi kékeré àti koríko kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ Ọsirélíà, wọn kì í fẹ́ omi púpọ̀, ilẹ̀ tó ti ṣá kò dí wọn lọ́wọ́, kódà bí iná bá jó wọn, wọn a tún hù. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀gbìn, mo ṣa igi mẹ́ta tí òdòdó wọn pupa, tó rí gan-an bí búrọ́ọ̀ṣì ìfọ-ìgò, àti ìdì koríko méjì tí ewé wọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì le. Obìnrin tó ń tà wọ́n ní kí n fi àwọn igi náà sínú ìkòkò, kí n máa gbé wọn wọlé bí òtútù bá dé. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ohun tí iná kò pa, kí ni yìnyín fẹ́ fi ṣe? Mo gbin gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ń wo ara mi bí ẹni tó dá oko kòkó.

Alhaji ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dúró lé wọn lórí pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ni.

"Ta ló ní kó o gbin igi síbí?"

"Alhaji, ẹ má bínú, sir. Flower lásán ni."

"Flower wo? Koríko yẹn, mi ò bá ẹ jà. Ayálégbé kì í gbin igi. Hú u, àbí kó o kó ẹrù ẹ."

Ó wá sọ ìdí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yá àlejò kan nílẹ̀ pé kó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Àlejò yọ́ igi obì gbìn sáàárín wọn. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ àlejò nawọ́ sí igi obì nílé ẹjọ́, ìdajì oko sì lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Inú bí mi gan-an. Toronto nìyí, ta ló ń fi igi gba ilé? Ṣùgbọ́n mo hú wọn, mo kó wọn sínú ike, odindi oṣù kan ni n kò fi kí Alhaji ju ìkíni orí àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tí òtútù dé, koríko tó wà nílẹ̀ kú pátápátá. Àwọn igi inú ike wà lójú fèrèsé mi, wọ́n ń rú ewé tuntun. Nígbà tí ooru padà, mo gbé wọn síwájú ilé, bí mo bá sì wà níbi iṣẹ́, Alhaji ló ń bomi rin wọ́n.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Alhaji kú. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi gbé ilé náà sọ́jà, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá mìíràn. Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí rẹ̀ wá bá mi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé igi wo ni bàbá àwọn ń wí, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ fún àwọn ní ọsibítù: igi mẹ́ta wà níwájú ilé, ti ayálégbé ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà wọ́n mọ́ ilé.

Ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní condo ni mo ń gbé báyìí ní North York. Lóṣù tí mo fi ń yan Alhaji lódì yẹn, mo pè é ní ahun nínú mi, mo pè é ní ará oko. Ọkùnrin tó ní n kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba igi mi. Ó dùn mí pé n kò bẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà láyé.