Lẹ́yìn Tí A Wọlé Ìbò Káńsù

Èmi kì í ṣe olóṣèlú. Ọ̀fọ̀ ló mú mi wọ ẹgbẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kú ní Garki, àwọn ọmọ wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Kí wọ́n tó dé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú wọ́ọ̀dù wa ti tẹ́ní sí pálọ̀ mi. Nígbà tí àwọn ọmọ sì padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn obìnrin yìí ò lọ. Wọ́n pọnmi, wọ́n dáná, wọ́n bá mi jókòó títí a fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Alága wọ́ọ̀dù, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ta páànù, wà lára àwọn tó gbé òkú ọkọ mi lọ sin. Ẹni tó ṣe irú ìyẹn fún mi, kí ni mo tún fẹ́ bi í?

Bí mo ṣe di ọ̀kan lára wọn nìyẹn. Iṣẹ́ wa ò ju ìkíni lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a ó kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù alága, a ó wá máa yà láti ilé dé ilé. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣé ara ti le báyìí? Tí a bá dé ilé àwọn Hausa, sànnu, yauwa, ẹ̀rín ni a ó fi parí ìyókù. A kì í dárúkọ ìbò rárá. Olórí àwọn obìnrin, ará Ọ̀yọ́ tó di ọ̀rẹ́ mi, ló máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní mò ń rìn bí ìyàwó tuntun. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń retí ọjọ́ Àìkú.

Ìbò káńsù dé, ó ku bí ọdún méjì kí ìbò gbogbogbòò ó dé. A wọlé. Wíwọlé kọ́ nìyẹn o, a fẹ̀yìn wọn gbolẹ̀ ni! Mo jó títí gèlè fi já bọ́ lórí mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo dé ṣọ́ọ̀bù, alága nìkan ni mo bá, òun àti àlejò kan. Mo ní, "Àwọn yòókù dà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ lọ sinmi jàre. A ti wọlé, kí la tún ń kí wọn fún? Wọ́ọ̀dù yìí ti di tiwa."

"Tiwa báwo? Ṣé ẹ ra àwọn èèyàn ni?"

Àwọn méjèèjì fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo sì lọ sílé.

Ọ̀rẹ́ mi ríṣẹ́ sí káńsù, ó kó lọ sí Kado. Tí mo bá pè é, á ní, "Mò ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi." Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́. Mo ń dá ìkíni náà ṣe. Ọkọ obìnrin kan kú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alága gan-an, èmi nìkan ni mo lọ kí i. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi. Ó ní, "Àwọn yòókù ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń bọ̀. Ojú tì mí débi pé n ò jáde fún ìkíni mọ́.

Ọjọ́ Àìkú wá ń gùn. Mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, láìsí òwú, láìsí aṣọ, kí n ṣáà máa wà á kí nǹkan lè pariwo nínú ilé. N ò ní purọ́, ó dùn mí. Mo pàdánù ọkọ, mo tún pàdánù àwọn tó bá mi sunkún rẹ̀.

Nígbà tí ìbò gbogbogbòò kù sí dẹ̀dẹ̀, alága dé pẹ̀lú èrò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Màmá wa! Màmá dáadáa! Ẹ bá wa kí Bàbá o! Ẹ ní kí wọ́n tètè jáde wá dìbò!"

Kí n tó lanu, ó ti dé ilé kejì. Bàbá wo? Bàbá tó fi èjìká ara rẹ̀ gbé? Mo rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo ṣì dìbò fún wọn. Nítorí ẹní tí wọ́n tẹ́ sí pálọ̀ mi ni. Wọ́n ka ìbò níwájú wa, ẹgbẹ́ wa fìdí rẹmi.

Lọ́jọ́ kejì, alága nìkan ló wá, kò sí èrò, kò sí ariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, kí la ṣe fún wọn? Ṣebí àwa náà la wọlé níjelòó?"

Mo ní, "Mo bá yín kí Bàbá o. Wọn ò tíì dáhùn."

Ó kọ́kọ́ ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà tó yé e, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ sílẹ̀ dè é pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹní ni mo fà jáde, mo tẹ́ ẹ. Ó jókòó. Mo lọ bu omi wá fún un, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má tètè dìde.