Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlobù, tí àwa ọmọdé ṣì ń jí lọ pọnmi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi Àṣàkẹ́ ni mo máa ń tẹ̀ lé. Bí a bá dé, iṣu sísun ń dúró dè wá, a ó fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́, a ó sì lá ọwọ́ wa mọ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé ebi òwúrọ̀ ló ń jẹ́ kí iṣu náà dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀nba nǹkan ló dọ́gba nílé wa. Apá òsì ni fìlà Bàbá máa ń tẹ̀ sí, wọ́n ní fìlà tó bá dúró ṣánṣán, orí aláìsàn ló yẹ. Èjìká kan ṣoṣo ni Màámi máa ń fi ìborùn kọ́. Bí a bá ṣe àìdáa, ẹsẹ̀ kan la fi ń dúró, a ó gbé ìkejì sókè, a ó fi ìka ọwọ́ kan ṣoṣo kan ilẹ̀, ẹni tó bá ṣubú á tún un bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń ṣeré tẹn-tẹn, bí ẹsẹ̀ wa bá bára mu, èmi ni mo jẹ. Bí kò bá bára mu, Àṣàkẹ́ ló jẹ, kò sì jẹ́ bá mi pààrọ̀ láé. Bí mo bá sì ń sunkún pé ẹran tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, Màámi á na ọwọ́ wọn sí mi lójú pé kí n wò ó dáadáa, ìka ò dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ojú Àṣàkẹ́ ni kò dọ́gba jù lọ. Àbàjà mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n sì gún régé. Ti òsì kò ní nǹkan kan. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí Bàbá pe olóòlà. Olóòlà kọ ọ̀tún tán, wọ́n ń nu abẹ kí wọ́n tó bọ́ sí òsì, ni Màámi tí kò lè fara da igbe ọmọ bá pọ̀n ọ́n, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n, sílé ìyá wọn, tòun tẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn. Wọn kò padà títí ọgbẹ́ náà fi jinná. Àwọn ará àdúgbò wá ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan jẹ́ ti Ìlobù, ìkejì jẹ́ ti Ìfọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa bí èmi, Bàbá kò tilẹ̀ dárúkọ olóòlà mọ́.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà tí Àṣàkẹ́ dé kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo wa wà, kò sí ògiri láàrin kíláàsì, nítorí náà èmi tí mo ṣì kéré ń gbọ́ gbogbo ohun tí tíṣà wọn ń sọ. Lọ́jọ́ kan, tíṣà náà kán yíǹkì sórí ìwé, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ṣí i. Àwòrán labalábá ló yọ síbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run bá dá máa ń dọ́gba lápá méjèèjì: ojú méjì, etí méjì, ihò imú méjì. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo kíláàsì yíjú wo Àṣàkẹ́. Tíṣà kò ní in lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni, ojú ti tíṣà fúnra wọn, wọ́n yára bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn. Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí aago fi lù.

Nírọ̀lẹ́, bí Bàbá ṣe ń jẹ iyán, Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe olóòlà padà, pé òun kò fẹ́ máa gbé ojú aláàbọ̀ kiri mọ́. Inú Bàbá dùn débi pé òkèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kó má bẹ̀rù, títa ríro là á kọlà, bó bá jinná tán a doge. Màámi dìde. Wọ́n kó àwo, wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé.

Olóòlà dé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n abẹ wọn ṣì mú. Wọ́n gbé ìgbín tí omi rẹ̀ ń mú ọgbẹ́ tutù àti èédú lílọ̀ tí ń mú ilà dúdú kalẹ̀ sórí ẹní. Bàbá ní kí Màámi gbé orí Àṣàkẹ́ lé itan, kí wọ́n sì dì í mú. Màámi jókòó, wọ́n gbé orí ọmọ wọn lé itan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ilà ti ọ̀tún.

“Bàbá olóòlà,” ni Màámi wí, “ṣé ẹ lè pa èyí rẹ́? Bí ẹ bá pa á rẹ́, ojú á dọ́gba náà.”

Olóòlà ní ilà kì í parẹ́. Bàbá ní kí Màámi má fi ọ̀rọ̀ dá iṣẹ́ dúró. Abẹ ti ń sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nígbà tí Àṣàkẹ́ dìde jókòó, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa wà bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ọwọ́ Màámi ń gbọ̀n.”

Bàbá bínú wọ yàrá lọ. Olóòlà kó abẹ wọn sínú àpò, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ iyán tán kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní nínú gbogbo ilé tí àwọn ti ṣiṣẹ́, ibí nìkan ni ìyàwó ti gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà lọ́wọ́ àwọn lẹ́ẹ̀mejì, ọbẹ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ kí àwọn dárí jì í. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Àṣàkẹ́. Mo bá a lẹ́yìn ààrò tó ń sunkún. Ó fẹ́ ilà yẹn gan-an, ó kàn fẹ́ràn Màámi jù ú lọ ni.

Láti ìgbà náà, bí ayàwòrán bá ti gbé kámẹ́rà sókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni Àṣàkẹ́ máa ń yí sí i. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní Òṣogbo, Màámi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kọjú síwájú, kò gbà.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ojú gbogbo ọmọ ló ń dán lápá méjèèjì, inú mi sì dùn pé abẹ ti kúrò lójú ọmọdé. Ìjà ilẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn máa rìn láti Ìlobù sí Ìfọ́n pẹ̀lú ọkàn balẹ̀ bíi ti àtijọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, wọ́n ń ya oúnjẹ, wọ́n ń ya ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ. Àwa kò ní ju fọ́tò ọdún àti ti ìgbéyàwó lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n padà sínú ilé yẹn lónìí, màá sáré lọ.

Àṣàkẹ́ kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó fọ́tò rẹ̀ jọ sórí tábìlì kí a lè mú èyí tí a ó lò fún ìsìnkú. Mo tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni gbogbo wọn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, tí wọ́n bí sí òkè òkun tí kò fojú kàn án rí, bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìyá àgbà kọlà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n fi hàn òun, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tú, kò sí. Ó mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní ìyá àgbà òun rẹwà. Mo ní ó rẹwà lóòótọ́. N kò lè sọ fún un pé ààbọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ààbọ̀ kejì ni mo ń sunkún rẹ̀.