Àga Bàbá Mi àti Wúfà Inú Pálọ̀

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí nílùú Òyìnbó. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, láti ìdájí ni mo ti ń gba Old Kent Road lọ, tí mò ń gbà á bọ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo yà sílé Màmá mi ní Peckham, nítorí ilé náà ti dákẹ́ jù.

Láti ìgbà tí Bàbá mi ti kú ni tẹlifíṣọ̀n ti wà ní pípa. Fíìmù Yorùbá làwọn méjèèjì jọ máa ń wò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín wọn á sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá débẹ̀, màá bá Màmá mi nínú pálọ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á máa wo ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti rí àgbàlagbà tó dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í tan tẹlifíṣọ̀n mọ́.

“Kí n tan kí ni? Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Wúfà Daddy yín ló kàn ń mi abọ́ mi nínú kitchen.”

Ẹrù Bàbá mi ni lóòótọ́: ampilifáyà dúdú kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn sípíkà kéékèèké, àti wúfà, àpótí ńlá tó ń gbé béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn, jáde, tí wọ́n gbé sí igun pálọ̀. Ampilifáyà náà ní máìkì tirẹ̀. Ibi tí èèyàn máa ń jókòó sí ni wọ́n ń gbé e sí, ní déédéé etí. Ẹ̀rọ á dún wúù, á dún fíì, á fi máìkì gbọ́ bí yàrá ṣe ń dá ohùn padà, á wá tún béèsì àti ohùn ọ̀rọ̀ ṣe kó bá ibẹ̀ mu. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè, pé kí ilé dákẹ́.

Ilé ta? Ilé Yorùbá?

Mo gbé máìkì sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé e síbi tí Màmá mi máa ń jókòó, lórí àga gígùn tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúfà. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo kúnlẹ̀ tì í. Wúù. Màmá mi yọ láti kíṣìnnì.

“O kú iṣẹ́ o!”

Mo dákẹ́.

“Mo ní o kú iṣẹ́!”

“Ẹ ṣé, Mà.”

Ẹ̀rọ dúró. Ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ariwo ti pọ̀ jù.

“Mummy, please, ẹ má sọ̀rọ̀. It's listening.”

“Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́, kí n máa wò ó bí odi? Daddy yín náà, wọ́n máa ń lé mi síta ni tí wọ́n bá ń ṣe é. Orí staircase ni mo máa ń dúró sí.”

Wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yìn dùn mí, mo kérora. “Pẹ̀lẹ́ o!” ni Màmá mi. Èmi òmùgọ̀ náà sì dáhùn pé ẹ ṣé.

Nígbà tó yá, a rí i parí. Mo tan fíìmù. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣì ń kùn. Ó wá yé mi pé ibi tí Màmá mi ń jókòó ni kò dára: béèsì a máa wọ́ jọ sí igun àti ìdí ògiri bí ìdọ̀tí ilé, ẹ̀rọ kò sì lè gbá gbogbo rẹ̀. Àárín pálọ̀ nìkan ni ohùn ti mọ́, ibẹ̀ sì ni àga Bàbá mi wà.

“Mummy, ẹ kúkú jókòó sórí àga Daddy.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àga olówó orí mi? Mi ò jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láyé.”

“Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò, ká gbé tiyín síbẹ̀.”

“Kò sẹ́ni tó máa gbé àga yẹn.”

Inú bí mi. Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n máa ṣa ọ̀rọ̀ sọ. “Daddy ti lọ, Mummy! Ta lẹ ń fi àga dè?”

Ilé wá dákẹ́, bí ẹ̀rọ ṣe ń wá a gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun èmi gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà jọ kí n lè máa lọ.

Màmá mi rìn dé ìdí àga náà. Wọ́n fọwọ́ pa apá rẹ̀. “Ẹ má bínú o, Daddy,” ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó. Ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀ dáadáa. “Ó yá, tún un ṣe.”

Mo gbé máìkì wá síbi àga náà, mo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí tó fi bá etí wọn dọ́gba. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n bọ́ sórí àtẹ̀gùn ìta, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán láìsí ẹni tó kí i.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé tí wọ́n jókòó, mo fi fíìmù àtijọ́ kan sí i, èyí tí àwọn méjèèjì ti wò láìmọye ìgbà. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ àna rẹ̀ láìdáa. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà mọ́ ketekete, wúfà rọra ń dún lábẹ́ rẹ̀. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ síwájú.

“Ohun tó ń sọ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Bí Daddy yín ṣe ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí nìyí?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín tí Daddy yín bá ti rẹ́rìn-ín ni,” ni wọ́n wí. Wọ́n gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.