Ṣíbí Oúnjẹ Àwọn Ọmọ Edé

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, adìẹ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sìn. Èmi ní edé ni tèmi, nínú ọpọ́n ńlá lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlaró. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí.

Omi kànga ni mo fi sin àwọn ọmọ tí edé mi kọ́kọ́ bí, gbogbo wọn ló kú. Apẹja kan ní Owódé ló là mí lójú: inú odò ni ìyá edé ń gbé, ṣùgbọ́n ibi tí odò ti pàdé ọ̀sà ló ń lọ bímọ sí, torí omi tó níyọ̀ díẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ fi ń yè. Tíṣà àná, n kò mọ ohun tí edé mọ̀!

Ìyá edé kan ṣoṣo tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn ló kù mí kù. Bí ọmọ èyí bá tún kú, ó parí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n bu omi ọ̀sà wá fún mi nínú kẹ́ẹ̀gì, mo fi omi kànga là á. N kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀, àfi ahọ́n Màmá, ìyá mi tó ti Agosasa wá bá mi gbé. Màmá á tọ́ ọ wò, á tutọ́ dànù.

"Iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Bu omi sí i."

Ẹyin pa. Àwọn ọmọ náà kò tó orí ìṣáná, wọ́n ń dorí kodò lúwẹ̀ẹ́. Ẹyin adìẹ tí mo fi mílíìkì pò, tí mo sè bíi mọ́ín-mọ́ín, tí mo sì fi asẹ́ rin kúnná, ni mo ń fún wọn, orí ṣíbí kékeré kan lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá omi tó funfun bí omi ògì. Màmá ti da gbogbo abọ́ ẹyin sí i.

"Ebi ń pa wọ́n," ni Màmá wí. "Ọmọ kì í sun ebi lójú mi."

Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù ló ń ba omi jẹ́. Inú bí mi, ẹnu mi kò sì ní bùrékì. "Màmá, ẹ ti pa wọ́n! Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́!"

Mo po omi tuntun, Màmá tọ́ ọ wò, ó mi orí sí mi pé ó dáa. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ àwọn tó ṣì ń mí sínú rẹ̀. Wọn kò tó ìdajì.

Láti ọjọ́ náà, Màmá á jókòó ti ọpọ́n, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Bí mo bá wà lọ́jà, á pè mí lórí fóònù: "Àsìkò oúnjẹ wọn ti tó o." Ìbá bú mi, ìbá sàn fún mi.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, mo gbọ́ tí Màmá ń pariwo, "Wá wò ó! Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀!"

Òótọ́ ni. Wọn kò dorí kodò mọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ omi bí àgbà edé. Ọmọ edé tó bá dàgbà débẹ̀ ti bọ́ nínú ewu. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo fi ṣíbí lé Màmá lọ́wọ́.

"Màmá mi, ẹ fún wọn jẹun."

Màmá bù ú, ó gbọn ṣíbí náà létí abọ́, ó tún gbọ̀n ọ́n, títí tí èyí tó kù kò fi tó ìlàjì tèmi. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ṣé èyí ò ní pọ̀ jù?"