Orin Mẹ́rin àti Ààwẹ̀ Irọ́

Orí ohùn òkè ni mo wà nígbà tí mo mọ̀ pé itan mi ti tutù. Ìgbáradì àjọ̀dún ẹgbẹ́ akọrin ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀bà-Ilé, nínú oṣù kejì ọdún. Orin tuntun tí ọ̀gá akọrin kọ fún wa ní ibì kan tí a ti ń pe “gíga” ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀kẹta sì ga ju òrùlé lọ. Èmi ni mo máa ń dá a kọ. Mo kó èémí jọ, mo gbé ohùn sókè, nǹkan kan sì já lójijì nísàlẹ̀ mi. Kò pọ̀. Mo ní òógùn ni. Nígbà tí mo dé ilé ìtọ̀ tí mo yẹ ara mi wò, kì í ṣe òógùn.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Èmi ni mo tọ̀ sára láàárín ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, ojú ṣì ń tì mí. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tó burú ju títọ̀ sára lọ lọ́dún náà, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Orin mẹ́rin ni mo fi ń rántí ọdún ọ̀hún. Orin “gíga” yẹn ni àkọ́kọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá sín, á já. Bí mo bá wúkọ́, á já. Bí ẹnìkan bá pa mí lẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì, mo ti há itan mọ́ra kí n tó la ẹnu. Mo ń ká aṣọ sábẹ́, mo sì ń wọ́n lọ́fínńdà sára bí ìyàwó ọ̀sìngín. Nígbà tí mo fẹ́ ra páàdì ní Ọjà Ọba, mo kọjá ìsọ̀ obìnrin tó mọ̀ mí, mo lọ ra á lọ́dọ̀ ẹni tí n kò rí rí, mo tún purọ́ fún un pé ọmọ mi ló rán mi.

Lẹ́yìn náà ni mo wá dọ́gbọ́n kan, ọgbọ́n òmùgọ̀. Mo dáwọ́ omi mímu dúró. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí ìsìn ọjọ́ Àìkú fi máa parí, omi kì í kan ètè mi. Wọ́n máa ń pín omi inú ọ̀rá fún wa níbi ìgbáradì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ nà án sí mi tí mo kọ̀ ọ́, wọ́n bi mí pé kí ló dé.

Mo ní, “Mo wà nínú ààwẹ̀ ni.”

Irọ́ kan ṣoṣo! Ṣùgbọ́n ní ìjọ wa, ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀ gbẹrẹfu láìmu omi ti di ẹni ọ̀wọ̀. Kí oṣù kẹrin tó dé, wọ́n ti ṣe orin fún mi. Bí mo bá ti ń wọlé báyìí, àwọn ọ̀dọ́ á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́: “Ẹni tó ń bá Baba sọ̀rọ̀ ló ń bọ̀, ẹ yàgò, ẹ yàgò!” Orin kejì nìyẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, n kì í jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ohun tí mo ká sábẹ́. Wọ́n ń kó ẹ̀bẹ̀ àdúrà wá bá mi, mo sì ń gbà á, èmi òpùrọ́!

Nínú oṣù kẹfà ni Bọ́lá wá bá mi. Ìyàwó ọ̀dọ́ ni, ìlà ẹ̀yìn ló ti ń kọrin, ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ó kúnlẹ̀.

“Mọ́mì, ìtọ̀ ń já lára mi. Tí mo bá ti gbé ohùn sókè báyìí ni. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?”

Ó wá tẹjú mọ́ mi, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Aṣọ tí mo ká sábẹ́ ti tutù bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo ní n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà, mo sì ní kó gba ààwẹ̀ gbẹrẹfu ọjọ́ mẹ́ta bíi tèmi. Abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú ni mo sọ ọ́ fún. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ kẹta, ó dákú láàárín ìgbáradì. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Èmi ni mo gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níta, ọmọ náà ń ké, ó ń fi ẹnu wá ọmú ní àyà mi. Nígbà tí wọ́n ní ká wọlé, nọ́ọ̀sì ń bínú: “Ta ló ní kí abiyamọ má mu omi?”

Bọ́lá ní, “Èmi ni mo dá a ṣe.” Kò wo ojú mi.

Ó gba ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tó ti há rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: “Má sunkún mọ́, ọmọ mi, omi ọmú ń bọ̀ lọ́nà.” Orin kẹta nìyẹn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Síbẹ̀ n kò jẹ́wọ́. Mo kí wọn pé wọ́n kú ìnira, mo sì lọ sílé.

N kò lè sùn dáadáa mọ́. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní ìlú Oǹdó, torí n kò fẹ́ kí ará Àkúrẹ́ kankan rí mi ní ọsibítù. Kí n tó jókòó, màmá ti gbóòórùn lọ́fínńdà.

“Ṣé o ti ń tọ̀ sára ni?”

Mo bú sẹ́kún. Màmá ní, “Afìtìjúkárùn ni í bá àrùn lọ. Dìde, o máa lọ ọsibítù lọ́la.”

Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò. Àkóràn ti wọ àpò ìtọ̀, wọ́n fún mi lóògùn rẹ̀. Dókítà ní omi tí mo ń fi du ara mi ló dá kún un: bí omi bá kéré lára, ìtọ̀ á ki, á máa ta àpò náà, á sì tún máa gbọ̀n wá sí i. Jíjá tó ń já, iṣan ló fà á. Àwọn iṣan kan wà nísàlẹ̀ ikùn tó gbá àpò ìtọ̀ mú bí ọ̀já ṣe ń gbá ọmọ mú lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ bíbí àti ọjọ́ orí a máa mú ọ̀já náà dẹ̀. Bí a bá wá fi agbára ti ikùn láti òkè, bíi ká kọrin tàbí ká sín, ìtọ̀ á já. Ó ní ó wọ́pọ̀ láàárín obìnrin. Ó wọ́pọ̀! Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni.

Obìnrin tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá fún iṣan ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ ṣe bí ẹni ń dá ìtọ̀ dúró, ẹ dì í mú, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sé èémí.” Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Mo ń ṣi í kà, ó sú mi. Màmá gbọ́ bí mo ṣe ń kùn, ló bá rántí orin tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga nígbà tó wà lọ́mọge:

Fà á, fà á, kó má já,
Dì í mú, kó má dà,
Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kànga ò sá lọ.

Orin kẹrin nìyẹn. Mo ń fún un pọ̀ ní “fà á”, mo ń gbá a mú ní “dì í mú”, mo ń tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Oṣù kìíní tí mo fi ṣe é, kò sí ìyàtọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Nígbà tó di oṣù kẹta tí mo ti ń ṣe é, tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sín ní ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ́fíìsì, mo dúró, mo ń retí. Gbígbẹ ni mo wà. Kò lọ tán pátápátá, bí ọ̀fìnkìn bá mú mi, ó lè já díẹ̀. Wọ́n sì sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ ló ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi yìí. Ọmọ mẹ́rin ló bá mi gbé, kò purọ́ fún mi lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo purọ́ nítorí rẹ̀.

Ara ti yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bọ́lá kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tó yá, mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ààwẹ̀ irọ́, aṣọ tí mo ká sábẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ó sáré fà mí dìde. “Ẹ dìde, Mọ́mì. Mo mọ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo máa ń dúró sí. Mo ti rí ẹ̀yìn aṣọ kọ́yà yín láti ìgbà àjọ̀dún. Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn.”

Àṣé kì í ṣe àdúrà ló wá gbà. Ohun tó ń retí lójú mi lọ́jọ́ yẹn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, mo sì fi ebi àti òùngbẹ rọ́pò rẹ̀ fún un. Mo kọ́ ọ ní orin kànga. Ní ìgbáradì tó tẹ̀ lé e, mo gba omi, mo mu ún lójú gbogbo ẹgbẹ́, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó kọrin “ẹ yàgò” fún mi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ká aṣọ sábẹ́ bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ mu omi, ẹ lọ rí dókítà. Bí ojú bá sì ń tì yín, tí ẹ ń wò yíká bóyá ẹnìkan tún wà: èmi náà.