Wọn Ò Ní Kí N Dìde

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Ìwó lọ sí Íńdíà, ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n dì mọ́ ẹrù mi. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa ní kí n má ṣe tẹrí ba fún òrìṣà kankan. Ìyá mi ní kí n má ṣe rí àgbàlagbà kí n wá dúró gbọnrangandan bí igi ọ̀pẹ. Mo gba ẹ̀kọ́ méjèèjì tọkàntọkàn. N kò mọ̀ pé wọ́n á lọ pàdé ara wọn lẹ́bàá títì.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìkíni ṣe rí nílé wa. Láti ilé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ilé àwọn àáfà ni mo máa ń gbà, gbogbo bàbá tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún. Wọ́n á ní, "Dìde, ọmọ onígbàgbọ́, kú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì." Kí n tó débẹ̀, aṣọ funfun tí ìyá mi fọ̀, tí wọ́n lọ̀, á ti pọ́n níwájú bí ògiri ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló máa ń funfun wọ ilé Ọlọ́run. Ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ dìde kí àgbà tó ní kó dìde. Bàbá kan wà lọ́nà odò tó máa ń tòògbé lórí àga. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo wà nílẹ̀ títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì fi lù tán, tí ewúrẹ́ kan wá ń gbóòórùn etí mi. Nígbà tí bàbá jí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá nílẹ̀?"

Ọlọ́run ṣe é, lẹ́yìn tí mo ti ṣe tíṣà díẹ̀ ní Ilé-Ogbó, mo rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i ní Íńdíà. Àárín ọdún 1950 sí 1960 ni mò ń sọ yìí, nígbà tí ẹni tó bá ti lọ sí Èkó pàápàá ń ní ìtàn láti sọ. Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo ní níbẹ̀ bọ́ sí àsìkò Kérésìmesì. Ọmọ Íńdíà kan tí a jọ ń gbé yàrá, onígbàgbọ́ bíi tèmi, ní kí n bá òun relé.

Kì í ṣe nítorí tèmi ló fi pè mí. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi ní tíṣà ni òun fẹ́ ṣe. Láti ìgbà náà, bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá jọ ń jẹun, bàbá á sọ fún ìyá pé, "Sọ fún ọmọ rẹ pé kó gbé iyọ̀ wá." Ọmọ á gbé iyọ̀ fún ìyá, ìyá á gbé e fún bàbá. Ó ti sú ìyá. Ìyá ránṣẹ́ pé kí ọmọ mú àlejò wá lọ́dún yìí, bóyá ojú àlejò á mú kí bàbá lanu bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé o. Bí bàbá mi bá fẹ́ràn rẹ, bóyá wọ́n á fojú àánú wo èmi náà."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Kí n sáà jẹ́ ọmọ tó mọ àgbà í kí, ìyẹn kò le fún ọmọ Ìwó.

Bọ́ọ̀sì la wọ̀. Orí rẹ̀ kún fún ẹrù, àgò adìẹ àti kẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ kún fún èèyàn, otútù sì ń mú bí àsìkò ọyẹ́. Màlúù kan dùbúlẹ̀ sáàárín títì, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Dírẹ́bà fun fèrè fún un, màlúù kò mira, dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa sì jókòó de màlúù. Mo béèrè ta ló ni ín kí a lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Onígbàjámọ̀ kan so dígí mọ́ ara igi lẹ́bàá ibẹ̀, ó ń fá irùngbọ̀n èèyàn; dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó fá tirẹ̀, ó padà, màlúù ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin kan ń ta ohun kan tó jọ àkàrà, ó ní kí n ṣọ́ra, ata rẹ̀ pọ̀. Mo jẹ ẹ́, mo ní ata dà. Àwọn èrò ọkọ̀ kóra jọ láti wo bí omi á ṣe bọ́ lójú mi. Wọ́n dúró títí, wọ́n túká.

Tíì wọn ló dùn mọ́ mi jù. Mílíìkì àti ata ilẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é, ife amọ̀ kékeré ni wọ́n sì ń bù ú sí. Bí èèyàn bá mu ún tán, á la ife náà mọ́lẹ̀, ó di àpáàdì. Ọkàn mi kò gbé e. Ẹni tó bá fọ́ ìkòkò nílé wa, ojú ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ sá fún. Nítorí náà mò ń ṣan tèmi, mò ń tò ó sínú báàgì, kí n lè kó o relé. Ọ̀rẹ́ mi béèrè bóyá mo fẹ́ ṣí búkà tíì sí Ìwó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, báàgì mi ń dún bí ẹrù ẹni tó ń kó abọ́ lọ tà ní Kúta.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni táyà bọ́ọ̀sì jò lẹ́bàá abúlé kan. A ṣoríire, bàbá arúgbó kan tó ń lẹ táyà wà lábẹ́ igi níbẹ̀. Irùngbọ̀n wọn funfun, ó gùn dé àyà. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ki rọ́bà kẹ̀kẹ́ bọ abọ́ omi níwájú wọn, wọ́n sì ń wo omi náà láìmira, láti mọ ibi tó ti ń jò. Lójú tèmi, àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Mo gbé báàgì kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

Bàbá wò mí. Wọn kò ní kí n dìde. Ta ni ì bá ti kọ́ wọn? Èmi náà wà nílẹ̀, mò ń retí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé, níbẹ̀, ọmọ á kàn bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà ni, ó ti tó. Ẹni tó bá nà sílẹ̀ báyìí, iwájú òrìṣà ló wà, tàbí iwájú ẹni mímọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ rí ọkùnrin dúdú tó ti òpin ayé wá, tó gba iwájú gbogbo wọn kọjá, tó lọ nà sílẹ̀ fún alẹ̀táyà, tí kò sì dìde. Wọ́n ní ó ti rí ohun tí àwọn kò rí. Ìyá kan bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. Ẹnìkan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú bàbá, ẹlòmíràn da òdòdó sínú abọ́ omi. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ọkùnrin sísanra tó jókòó sẹ́yìn wa nínú bọ́ọ̀sì ti nà sílẹ̀ tòun tèmi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo kí i pé ó kú ìrìn.

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá kọ́kọ́ ń ṣàlàyé fún wọn pé táyà lòun ń lẹ̀. Wọ́n ní ẹni mímọ́ kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀, bàbá dákẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́wọ́ lé àwọn èèyàn lórí. Kò sí àyè láti lẹ táyà mọ́. Dírẹ́bà fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ tirẹ̀, ó wá yí i dé iwájú bàbá kí wọ́n súre fún un.

Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí ní ṣòkòtò. Mo ní, "Fi mí sílẹ̀, bàbá kò tíì ní kí n dìde."

Ó ní, "Bàbá ti di òrìṣà. Òrìṣà kì í sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn wa sọ sí mi lọ́kàn. Mo lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo gbàdúrà, mo ṣàlàyé fún Ọlọ́run pé ọ̀rọ̀ táyà ni. Mo gbà pé Ó gbọ́, nítorí Ó mọ Ìwó.

Nínú ọkọ̀, ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní alàgbà ìjọ ni bàbá òun. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n kọ̀ láti wólẹ̀ fún òrìṣà ilé wọn, ìyẹn ni wọ́n fi lé wọn jáde nílé baba wọn. "Bó o bá nà sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á ní mo kó abọ̀rìṣà wálé. Mi ò tún ní gbóhùn wọn mọ́ láyé yìí. Ọwọ́ ni kó o bọ̀ wọ́n." Mo ṣèlérí. A fi í kọ́ra lórí ìjókòó: òun á ṣe bàbá, èmi á nawọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá fajú ro bíi bàbá rẹ̀, orúnkún mi á máa tẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́.

Nígbà tí a dé, bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ga, wọ́n wọ kóòtù rélùwéè, àfi bí ẹni tó ń retí rélùwéè. Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ wọn, wọ́n sọ fún ìyá pé, "Sọ fún ọmọ rẹ pé ó pẹ́." Ọ̀rẹ́ mi ní kí ìyá sọ fún wọn pé táyà ló jò. Ó wá wò mí. Ó kàn mí.

Ọwọ́ mi gbéra. Nígbà tó dé àárín ọ̀nà, ó rántí pé ọmọ Ìwó kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí àgbà, ó padà. Orúnkún ti lọ ní tirẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀ gbalaja, báàgì mi sì ti balẹ̀ ṣáájú mi pẹ̀lú gbogbo ife amọ̀ inú rẹ̀. Ariwo tí wọ́n pa, àwọn aládùúgbò jáde.

Bàbá ní, "Dìde. Ọlọ́run nìkan là ń wólẹ̀ fún nínú ilé yìí."

Inú bí wọn gidigidi, àmọ́ inú tèmi dùn. Àgbàlagbà àkọ́kọ́ ní gbogbo Íńdíà tó dá mi lóhùn bó ṣe yẹ nìyẹn. Mo ti ń dìde, àmọ́ bàbá kò lè ní sùúrù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti fa apá mi, ìbàdí wọn sì há. Wọn kò lè nàró, wọn kò lè jókòó. Wọ́n dorí kodò lókè orí mi, irun imú wọn ni mò ń wò. Ṣé kí n wá nàró nígbà tí àgbà wà ní ìbẹ̀rẹ̀? Mo rọra padà dùbúlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá tó ti ń gbé iyọ̀ láti ọjọ́ yìí kò gbé nǹkan kan. Wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń wo igi máńgòrò. Ó kù sọ́wọ́ ọmọ. Ó lọ, ó gbá bàbá rẹ̀ mú ní ìbàdí.

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Apá òsì ni. Sún ọwọ́ rẹ wálẹ̀ díẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ibí yìí, bàbá?"

"Ibẹ̀ náà ni. Táyà wo ló jò?"

"Tẹ̀yìn ni, bàbá."

Báyìí ni wọ́n ṣe rìn wọ inú ilé, ọ̀rọ̀ táyà ni wọ́n ń sọ lọ, wọ́n sì gbàgbé mi sílẹ̀. Ìyá ló wá ṣa àpáàdì kúrò lára mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú etí aṣọ wọn títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, apá ọmọ ni bàbá dì mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó lè fi ìbàdí tó há tú ahọ́n tó há.

Nígbà tí à ń padà, bọ́ọ̀sì tún dúró lábẹ́ igi yẹn. Wọ́n ti kọ́ àtíbàbà fún bàbá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú wọn, ojú wọn sì rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rọ́bà kẹ̀kẹ́ kan sábẹ́ ẹní, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Bí wọ́n ti rí mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n dúró bí mo ṣe dúró. Ọ̀rẹ́ mi sì ti di ṣòkòtò mi mú.

Nígbà tí mo padà dé Ìwó, mo ròyìn fún ìyá mi. Wọn kò béèrè màlúù, wọn kò béèrè tíì. Wọ́n ní kí ni bàbá ọ̀rẹ́ mi sọ nígbà tí mo kí wọn. Mo ní wọ́n ní kí n dìde. Ìyá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ àgbà í ṣe.

"Alẹ̀táyà ńkọ́?"

Mo ní wọn ò ní kí n dìde.

Ìyá mi rò ó díẹ̀. Wọ́n ní, "Bóyá wọ́n ń tòògbé ni."