Kámẹ́rà Tí Mo Yan Mọ́ Ẹja

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí a ti sin ọkọ mi. Àwọn ọmọ ń tú àpótí kiri, wọ́n ń wá fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ikán ṣẹ́ kù fún wa, kò sì lórí. Èmi ni mo gé orí náà. Orúkọ gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn wà lẹ́nu mi, títí kan ti ajá wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní í kọ ọ́, kí àwọn ọmọ wọn má baà wá bá mi jà.

Òmìnira kò tíì dé nígbà náà, oko sì ni Òkòkòmáíkò. Ọkọ mi ní kámẹ́rà kékeré kan tó ń ká wọ àpò, èyí tó gbà lọ́wọ́ sójà tó ti ogun Boma dé. Awọ iwájú rẹ̀ ti já, pílásítà la fi lẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣèlérí pé òun máa fi ya bàbá òun ní Ìba, nítorí àìsàn ti ń dá bàbá náà gúnlẹ̀. Bàbá ní àbúrò kan tó jọ wọ́n bí ìbejì, àwọn méjèèjì kì í sì í kíra.

Bàbá ní, “Bí mo bá kú láìní fọ́tò, ojú olè yẹn ni wọ́n máa gbé kọ́ ògiri, wọ́n á ní èmi ni. Ẹni tó jí ewúrẹ́ mi á tún jí òkú mi. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì hàn.”

Èmi ni mo gbé kámẹ́rà sínú agbọ̀n lọ́jọ́ tí à ń lọ. Bí mo ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi apẹja kan ní etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ láti ra ẹja fún Bàbá, ẹsẹ̀ mi yọ̀, kámẹ́rà bọ́ sómi. Mo fi àwọ̀n yọ ọ́, a sì padà sílé ní Ọ̀jọ́. Nílé wa, orí ààrò ẹja la máa ń gbé ohun tó bá tutù sí: bàtà, fìlà, ìwé kíkà ọmọ. Mo bá gbé e sáàárín ẹja, mo dáná sí i.

Nígbà tí ọkọ mi ṣí i, awọ rẹ̀ ti gan bí ẹja àrọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ìyàwó, o ò fi ata sí i?”

“Ẹ má bínú.”

“Mi ò bínú. Ẹ̀bà la máa fi jẹ ẹ́, àbí fùfú?”

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ajá nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé kan tó ń dáko sí Òkòkòmáíkò ní kámẹ́rà tuntun tí kì í lò. Kẹ̀kẹ́ ọkọ mi ló wù ú. Ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, a dé Ìba.

Bàbá ti wọ agbádá, wọ́n ti jókòó sórí àga, wọ́n ti fi epo pa ẹsẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló yan ti àkọ́kọ́?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ìwọ ni wàá yà mí. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ló ń tún un ṣe.”

Ọkọ mi ní, “Bàbá, kò mọ̀ ọ́n lò o.”

“Ìwọ tó mọ̀ ọ́n lò, èwo lo yà fún mi? Dúró sẹ́yìn mi. Ìyàwó, ẹsẹ̀ mi ńkọ́?”

“Ó hàn, Bàbá.”

“Méjèèjì?”

“Méjèèjì.”

Kó lè dá mi lójú, mo tún dorí kámẹ́rà kọlẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yọ, ojú Bàbá sì mọ́ kedere. Ọrùn ni ọkọ mi parí sí. Bàbá wò ó, wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn ò ṣe pàtàkì.” Ọyẹ́ kò tíì dé tí wọ́n fi lọ, ojú ara wọn la sì gbé kọ́ ògiri. Àbúrò wọn wá síbi ìsìnkú, ó wò ó títí, ó ní, “Mo rẹwà níbẹ̀ o.”

Lánàá, àkọ́bí mi ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Ìyànà-Ìba, kí wọ́n fi orí tèmi sí i. Ṣebí mo jọ Bàbá.”

Mo ní, “Máa jọ ọ́ lọ. Fi orí ẹ sílẹ̀ sọ́rùn ẹ.”

Mo gbé e kọ́ bó ṣe wà, ọwọ́ ọkọ mi lórí èjìká bàbá rẹ̀. Àlejò wọlé láàárọ̀ yìí, ó ní, “Ìyá, orí wọn dà?”

Mo ní, “Ó wà lọ́dọ̀ mi.”